Ìyá Àgbà Mélòó Ló Wà Nílùú?

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta

Ọ̀gá ní kí n ra ìwé tuntun kan, kí n máa kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí sí i, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá máa bi wá léèrè. Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi wá léèrè, òun á ti gba ìsinmi, èmi nìkan ni màá jókòó síwájú wọn bí ẹni tó jí adìẹ. Ìwé ti wọ́n. Iye tí mo fi ra méjì léṣìí ni mo fi ra ẹyọ kan. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ owó tèmi ni mo fi rà á, ohun tó bá wù mí ni màá kọ sí i, Ọ̀gá ò sì ní fojú kàn án.

Iṣẹ́ náà rèé. Ilé oníyàrá mẹ́ta kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù. Nọ́ọ̀sì àgbà fẹ́ kí wọ́n fi ṣe ibi tí àwọn ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ ọmọ wọn lè gbé ọmọ sí lójúmọmọ, kí àwọn náà lè ráyè tọ́jú ara wọn. Ó ní láàárín oṣù kan péré, ìyá àgbà mẹ́rìnlá ló yẹ kó wá fi ojú tàbí orúnkún han dókítà tí wọn ò wá, torí wọn ò rí ẹni bá wọn gbọ́mọ. Akápò ìgbìmọ̀ ìlú, ní tirẹ̀, fẹ́ kó àga sínú ilé náà. Àga ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mọ́kànlá ni. Ó ti kà wọ́n. Alága wá dá ẹjọ́ pé bí irú àwọn ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ bá tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta nílùú, tiwọn ni ilé. Bí wọn ò bá tó, ti àga ni. Ọ́fíìsì wa tó ń ṣírò nǹkan fún ìjọba ló ní kó wádìí iye wọn. Ìpàdé di ọjọ́ 11 oṣù kẹrin.

Àga lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kì í rìn, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti kà. Kò sówó tí a ó fi máa kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Ọ̀gá ní kí n lo ọpọlọ. Mo ní kí ló dé tí àwọn náà kì í lo tiwọn, àmọ́ inú ni mo ti sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù kẹta

Orísun méjì ni mo rí. Ọ̀kan ni káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọsibítù, tí wọ́n ń kọ ẹni tó ń tọ́ ọmọ sí. Èkejì ni ìwé orúkọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí wọ́n ń kọ ẹni tí wọ́n máa ránṣẹ́ pè sí bí ọmọ bá ń ṣàìsàn. Màá kó gbogbo ìyá àgbà inú ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde, màá wo àwọn tó wà nínú méjèèjì. Àwọn tó wà nínú méjèèjì ló máa sọ fún mi bí àwọn tí kò sí nínú ìkankan ṣe pọ̀ tó.

Atẹ̀wé tí wọ́n fi ràn mí lọ́wọ́, Kíákíá là ń pè é. Wọ́n fi ń bú u ni. Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sì sí ohun tó ń lé e nílé ayé yìí. Láti aago mẹ́wàá di aago méjìlá, ìlà mẹ́rin ló tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù kẹta

Ooru. Mo lọ jókòó sí ọsibítù kí n lè fojú ara mi rí àwọn tí mo ń ṣírò. Mo bi ìyá àgbà mẹ́sàn-án ní ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù ìjọba: ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́ ọmọ yìí? Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wọn ló ní àwọn kàn ń bá ìyá ọmọ dì í mú ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń "dì mú" yìí ga jù mí lọ, irùngbọ̀n sì ti ń yọ lágbọ̀n rẹ̀.

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún Màmá mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní irọ́ ni àwọn obìnrin yẹn ń pa, pé kí ló dé tí èèyàn á máa tọ́ ọmọ táá máa pè é ní dídì mú. Ó ń sọ ọ́ lọ, ó ń fi òróró pa ẹsẹ̀ ọmọ mi, ó sì ń bi í ní ìsọdipúpọ̀ mẹ́fà mẹ́fà. Ọmọ ọdún méje ni ọmọ mi. Agbẹjọ́rò là ń pè é, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ sí i tí kì í pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù kẹta

Agbẹjọ́rò ní òun fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń ka ohun tí kò rí. Mo bá gbé ìkòkò tí ẹ̀wà wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Mo ka ọgọ́rùn-ún ẹyọ jáde, mo fi báírò sàmì sí ara wọn níkọ̀ọ̀kan, mo dà wọ́n padà, mo rò ó pọ̀. Mo tún fi ife bu ọgọ́rùn-ún mìíràn. Mẹ́wàá nínú wọn ló lámì. Mo ní ṣé o rí i, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni mo kọ́kọ́ mú, ẹ̀wà inú ìkòkò á tó ẹgbẹ̀rún kan. Orí mi wú. Èmi fúnra mi ni mo ń pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Agbẹjọ́rò wo inú ìkòkò. Ó ní bí àwọn kan bá lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ńkọ́, tó jẹ́ pé ife ò kàn wọ́n rí? Mo ní kó lọ ṣe iṣẹ́ tí tíṣà fún un.

Màmá dé bá wa níbẹ̀. Ó ní ta ló máa jẹ báírò? Ó dúró ti ògiri, ó gbé ara lé ẹsẹ̀ tí kò dùn ún, ó ṣa ẹ̀wà alámì kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó jókòó. Ó ní bí òun bá jókòó, ta ló máa dáná?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù kẹta

Iṣẹ́ parí, inú mi dùn. Ọsibítù: 180. Ilé ìwé: 240. Àwọn tó wà nínú méjèèjì: 6. Mo fi 180 sọ 240 di púpọ̀, mo fi mẹ́fà pín in. Ẹgbẹ̀rún méje ó lé igba.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹgbẹ̀rún méje ó lé igba. Ara ti ń fu mí díẹ̀, àmọ́ Ọ̀gá ti wá yọjú lẹ́yìn mi, ó ti rí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra tíì fún wa, ohun tí kò ṣe rí. Mo ní ẹ jẹ́ kí n tún un yẹ̀ wò. Ó ní nọ́ńbà tó bá tóbi kì í tàsé.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 oṣù kẹta

Ọ̀gá lọ sọ ọ́ lórí rédíò.

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ń ṣàlàyé "ìwádìí ìjìnlẹ̀ tí mo ṣe". Kò ì tíì délé tí Akápò fi pe rédíò kan náà. Ó ní ìwé owó orí wà lọ́wọ́ òun, gbogbo ilé tó wà nílùú ò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ. Ó ní nítorí náà, kí gbogbo olùgbọ́ fara balẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, ìyá àgbà kan á wà níbẹ̀ tí wọn ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá ti yí ohùn padà. Ó ti di "ìwádìí tí ọmọ iṣẹ́ mi ṣe". Nọ́ọ̀sì àgbà ránṣẹ́ sí mi pé òun gbọ́, pé jọ̀ọ́, kí n má fi àwàdà pàdánù ilé náà fún àwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti Akápò lọ.

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù kẹta

Mo ti mọ ibi tí omi gbà wọ inú ọkọ̀.

Mo wà ní ọsibítù láàárọ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì ké sí obìnrin kan tó di agboòrùn aláwọ̀ ewé mú. Orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni wọ́n fi pè é: Ìyá Lágbájá. Nígbà tó di ọ̀sán, mo rí obìnrin yìí kan náà, pẹ̀lú agboòrùn yìí kan náà, lẹ́nu géètì ilé ìwé. Orúkọ àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni tíṣà fi pè é. Mo tẹ̀ lé e dé ìdí tábìlì tó ti ń ta bọ́tìnnì. Ìyá Oníbọ́tìnnì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Èèyàn kan ṣoṣo ti di mẹ́ta lójú mi láàárín ọjọ́ kan. A ò jẹ́ pe àgbàlagbà lórúkọ, àwa náà wá ń fi orúkọ wá àgbàlagbà.

Mo sáré padà sí ọ́fíìsì, mo ṣàlàyé fún Kíákíá. Ó gbọ́ ọ títí, ó mi orí. Ó ní obìnrin alágboòrùn yẹn, ẹ̀gbọ́n òun ni. Ó ní òun rí i nígbà tí òun ń tẹ̀ ẹ́ sínú ti ọsibítù, òun sì tún rí i nínú ti ilé ìwé.

Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ?

Ó ní, "Ẹ ò bi mí."

Ọjọ́rú, 20 oṣù kẹta

Òjò àkọ́kọ́. Òní ló yẹ kí Màmá lọ fi orúnkún han dókítà. Ó ní dókítà ò sí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé tí dókítà yìí kì í sí. Iṣẹ́ ìjọba ti bàjẹ́ nílùú yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù kẹta

Ọjọ́ mẹ́rin la fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe. A pa orúkọ ìyá tì. Orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí ọmọ àti òpópónà tí wọ́n ń gbé la fi ń wá wọn. Kíákíá fi ara ṣiṣẹ́, ó tẹ tó ìlà mẹ́wàá láàárín wákàtí kan. Mo rò pé ojú ń tì í nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àwọn tí a ti kọ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé kan náà jáde. Ọsibítù wá di 164. Ilé ìwé di 210. Àwọn tó wà nínú méjèèjì fò láti 6 di 54. Mo ṣírò rẹ̀. Ẹgbẹ̀ta ó lé méjìdínlógójì.

Ó ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ, kò sì sí ẹni tó máa sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá wò ó, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní ẹgbẹ̀rún méje yẹn wu òun.

Ọjọ́ Ajé, 25 oṣù kẹta

Akápò kọ lẹ́tà. Ó ní ìyá àgbà tí ojú rí nínú ìwé méjèèjì kò ju okòó lé lọ́ọ̀ọ́dúnrún lọ, àwọn yòókù, orí ìwé ni mo bí wọn sí. Ó ní ẹni tó bá purọ́ lẹ́ẹ̀kan lórí rédíò, ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló yẹ kó mú wá, kì í ṣe méjì. Àìmọye ọ̀rọ̀ burúkú ni mo sọ sí lẹ́tà náà. Lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ tán, mo rí i pé òótọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí kẹta kò ní ṣe iṣẹ́ wa ní ibi. Bí iye wa bá tọ́, ìdajì àwọn tó bá wà nínú ìwé kẹta ló yẹ ká ti rí nínú ìwé méjì àkọ́kọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà ló sọ fún mi nípa ìwé Bàbá Dúró-Ńbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 oṣù kẹta

Bàbá Dúró-Ńbẹ̀ ló ń dá ọkọ̀ dúró fún àwọn ọmọ níwájú ilé ìwé tó tóbi jù nílùú. Orúkọ tí wọ́n kọ sára pátákó pupa ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Agbẹjọ́rò náà wà nílé ìwé yẹn, àmọ́ aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo ti ń kúrò nílé láàárọ̀, mi ò tíì bá bàbá náà pàdé rí. Aago mẹ́wàá ni mo lọ bá a, nígbà tí ojú ọ̀nà dá.

Ó ní ìwé pẹlẹbẹ kan tó fi ọ̀rá wé. Gbogbo ẹni tó bá máa ń wá mú ọmọ lọ, ó ti kọ ọ́ síbẹ̀, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò ní mú ọmọ kankan kọjá títì. Ó ní kò sí ẹnì kan tó jí ọmọ gbé lójú òun rí láti ọdún mẹ́tàlélógún. Ó gbà kí n rí ìwé náà, àmọ́ kò ní kúrò lọ́wọ́ òun. Mo dúró tì í lẹ́bàá títì, ó ń ṣí i, mo ń kọ, ọkọ̀ ń da ẹrẹ̀ sí wa lára.

Kò sí orúkọ gidi kan níbẹ̀. Ìyá Agboòrùn. Ìyá Mo-Ti-Pẹ́. Ìyá Bàtà-Ọkùnrin. Ìyá Ọ̀rọ̀-Ò-Tán. Ìyá Gbà-Kó-O-Jẹ. Mo ka àwọn ìyá àgbà ibẹ̀, wọ́n jẹ́ àádọ́rùn-ún géérégé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, mo lọ jókòó sábẹ́ igi kan, mo gbá orí mú.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù kẹta

Mo rán Kíákíá lọ dúró ti Bàbá nígbà tí ilé ìwé bá parí, kó máa béèrè orúkọ ọmọ tí ìyá kọ̀ọ̀kan wá mú. Ó ní àwọn ọmọ ń pe òun ní Ọ̀gbẹ́ni Má-Yára. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́. Tòmátì ti gbówó lórí sí i.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹrin

A ti rí mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún nínú àádọ́rùn-ún. Mẹ́tàdínláàádọ́ta nínú wọn ló ti wà nínú ìwé ọsibítù tàbí ti ilé ìwé. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ó ku ẹnì kan. Ìyá Ẹsẹ̀-Kan-Dúró-De-Èkejì ni Bàbá kọ ọ́ sí. Kíákíá ò rí i torí pé àwọn èèyàn máa ń lọ tán kó tó dé, Kíákíá náà á sì ti bá wọn lọ. Ìgbà kan ṣoṣo tí ọkùnrin yìí máa ṣe kíákíá láyé rẹ̀ nìyí. Bàbá sọ fún un pé nínú gbogbo àwọn tó wà nínú ìwé òun, ìyá yìí lòun bọ̀wọ̀ fún jù. Òjò ò dí i lọ́wọ́ rí, oòrùn ò dí i lọ́wọ́ rí. Ọmọ tí ìyá náà máa ń wá mú ló ní ó máa ń bá òun jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ kọjá, ọkọ̀ tàbí èèyàn.

Ọmọ tó ń jiyàn pọ̀ nílùú yìí. Màá lọ fúnra mi.

Ọjọ́rú, 3 oṣù kẹrin

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo ti dúró ti Bàbá. Òjò ti dá, ilẹ̀ ṣì ń yọ̀. Àwọn ọmọ tú jáde, wọ́n lọ, ariwo rọlẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago méjì, kò ju ọmọ mẹ́ta lọ tó kù lẹ́yìn géètì, mi ò sì rí ojú wọn dáadáa. Mo ní bóyá kò ní wá lónìí. Bàbá ní, "Ó ń bọ̀. Kì í ṣàì wá."

Ẹnì kan wá yọ níkòríta, ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé ògiri. Ẹsẹ̀ òsì á bọ́ síwájú, á dúró, á máa retí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Aṣọ ara rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Èmi ni mo rà á.

Mo ti ṣí ìwé, mo ti mú báírò dání. Mi ò rí nǹkan kan kọ.

Agbẹjọ́rò sáré jáde ní géètì, ó rí mi, ó dúró gbagidi. Ó ní, "Mọ́mì, ta ló kú?"

Màmá náà ti rí mi. Ó gbìyànjú láti yára, ẹsẹ̀ ò gbà fún un. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ṣé wọ́n lé ẹ kúrò níbi iṣẹ́ ni?"

Bàbá wo èmi, ó wo Màmá. Ó bi wá bóyá a mọ ara wa. Mo ní ìyá mi ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra di ìwé rẹ̀ sínú ọ̀rá padà, ó ní, "Ipàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ọmọ mi. Ẹni ẹlẹ́ni ní í rí teni." Ó wá gbé pátákó rẹ̀ sókè, gbogbo ọkọ̀ dúró, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Ó pẹ́ ká tó kọjá tán.

Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni láti ilé wa. Màmá ní aago méjìlá lòun ti ń kúrò nílé.

Mo dárí gba ọ̀nà ọsibítù, mo ní kí wọ́n fún mi ní káàdì Agbẹjọ́rò. Ìkọ̀wé ara mi ni mo bá níbẹ̀, ó gún régé: ẹni tó ń tọ́ ọmọ, ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ rèé, Màmá ló gbé e lọ gba gbogbo abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tẹ̀ lé wọn. Ní ilé ìwé náà, orúkọ mi ni mo kọ. Ìyẹn ni kò ṣe sí nínú ìwé kankan. Kì í ṣe pé ó sá pamọ́ fún mi. Èmi ni mo kọ ara mi bò ó mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà sì fi ìwé àwọn mẹ́rìnlá tí kò wá hàn mí. Màmá ni ẹnì kẹsàn-án.

A jẹun tán, mo gbé fọ́ọ̀mù jáde, mo jókòó síwájú rẹ̀. Mo bi í bó ṣe wà nínú ìwé.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́ ọmọ yìí?"

"Èmi kẹ̀? Mo kàn ń bá ẹ dì í mú ni."

"Láti ìgbà wo?"

Ó ronú. "Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì yẹn?"

"Ó ti ń lọ sí ọdún méje."

"Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń dì í mú."

Mo bi í nípa dókítà tí kì í sí. Ó ní, "Dókítà ń bẹ. Kò sí ọjọ́ tí kì í sí. Ta ni kí n gbọ́mọ fún?"

Ojú tì mí gan-an. Mo ti fi oṣù kan gbáko wá àwọn ìyá àgbà tí kò sẹ́ni tó rí, ọ̀kan sì ń bu oúnjẹ fún mi lálaalẹ́. Mo sunkún díẹ̀. Màmá ní kí n má da omi sórí fọ́ọ̀mù ìjọba.

Agbẹjọ́rò, tó yẹ kó ti sùn, ní ṣé òun ò sọ ọ́ pé àwọn kan máa lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò?

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù kẹrin

Àádọ́rùn-ún pé. Mẹ́tàdínláàádọ́ta nínú wọn la ti rí tẹ́lẹ̀, Màmá ò sí lára wọn. Mo fi ìwé kẹta ṣírò, mo fi 320 sọ 90 di púpọ̀, mo fi 47 pín in: ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàlá.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kẹrin

Ìpàdé. Ọ̀gá ní inú ń run òun, kí èmi lọ. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kẹrin oṣù tó kọjá.

Mo sọ bí a ṣe ṣe é. Mo jẹ́wọ́ ẹgbẹ̀rún méje, mo sọ ìdí tí a fi ṣì í. Mo ní ìwé méjì sọ pé ẹgbẹ̀ta ó lé méjìdínlógójì, ìwé kẹta sọ pé ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàlá, kò sì sí bí a ṣe yí i tó wálẹ̀ dé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Akápò dìde. Ó fara balẹ̀, ó mọ ibi tó ń lọ. Ó ní ojú òun lè rí gbogbo àga òun. Àwọn ìyá àgbà tí kò sí nínú ìwé ọsibítù, tí kò sí nínú ìwé ilé ìwé, tí mo ní wọ́n ń bẹ, kí n dárúkọ ẹyọ kan péré.

Mo ní, "Ìyá mi ni."

Mo sọ bó ṣe jẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, Akápò ní ó ṣeni láàánú o, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn. Nọ́ọ̀sì àgbà ò dìde lórí ìjókòó rẹ̀. Ó kàn bi í pé, "Akápò, ìwọ àti ìyàwó rẹ wà níbi iṣẹ́ báyìí. Ta ló wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ yín?"

Akápò ní, "Ìyá mi kàn ń bá wa..."

Alága ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé tẹ̀ lé e. Akápò jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó fọwọ́ sí i kí ilé náà jẹ́ ti àwọn ìyá àgbà na ọwọ́ sókè, òun náà nà án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò nà án dókè.

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù kẹrin

Wọ́n ti ń kun ilé náà. Àga wà lábẹ́ ọ̀rá ńlá kan nínú ọgbà ìgbìmọ̀ ìlú. Kíákíá ní ìyá adìẹ kan ti yé ẹyin sábẹ́ wọn, a ò mọ iye rẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún Màmá ní Ọjọ́bọ̀. Ó ń bá gbogbo nọ́ọ̀sì jà lórí bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ara rẹ̀ ti yá nìyẹn. Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀gá mí kanlẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i.

Òní ni mo kọ́kọ́ lọ mú Agbẹjọ́rò nílé ìwé. Mo dì í lọ́wọ́ mú, ó ku kí a kọjá. Bàbá Dúró-Ńbẹ̀ fi pátákó dínà mi. Mo ní Bàbá, èmi ni, èmi ará ọ́fíìsì. Ó ní òun mọ̀ mí sí ará ọ́fíìsì, òun ò mọ̀ mí sí ẹni tó ń mú ọmọ. Ó ṣí ìwé rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀.

Mo yíjú sí Agbẹjọ́rò kó gbà mí sílẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, ìyá òun ni, àmọ́ kí Bàbá kọ́kọ́ bi mí ní orúkọ tíṣà òun, kó lè dá a lójú. Bàbá bi mí. Mi ò mọ̀ ọ́n.

Àwọn ìyá àgbà bíi mẹ́fà ti dúró sẹ́yìn wa, Ìyá Agboòrùn wà níwájú wọn, gbogbo wọn ló ń wò mí. Bàbá wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀, ó ṣàánú mi. Ó fa báírò yọ lẹ́yìn etí, ó ṣí ojú ewé tuntun, ó kọ mí síbẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n rí i.

Ìyá Tí A Ò Rí Rí.

Mo wò ó dáadáa, torí iṣẹ́ mi ni láti máa wá àṣìṣe nínú ìwé. Mi ò rí ìkankan. Bàbá gbé pátákó sókè, ọkọ̀ dúró, mo sì mú ọmọ mi kọjá.